Ouaga 2000: Ta ló láṣẹ láti dá púláànù ilé ìjọba padà?

Bí aago méjì ọ̀sán bá lù nínú oṣù Kẹrin ní Ouagadougou, títì ńláńlá tó wà ní àdúgbò Ouaga 2000 a máa dá páropáro. Oòrùn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rìn. Àwọn ilé gíga onígíláàsì tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn wọn sì ń kùn láìdákẹ́. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí kò bá sí epo nínú jẹnẹrétọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á kó ìwé wọn, wọ́n á bọ́ síta lọ jókòó sábẹ́ igi, nítorí abẹ́ igi tutù ju ọ́fíìsì tí wọ́n ná owó gọbọi lé lórí lọ.

Ouaga 2000 kì í ṣe àdúgbò àtijọ́. Ìjọba Blaise Compaoré ló gé e kalẹ̀ ní gúúsù olú ìlú ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí Burkina Faso ń múra láti gba àlejò: ìpàdé àwọn olórí ilẹ̀ Faransé àti Áfíríkà lọ́dún 1996, lẹ́yìn náà ìpàdé àjọ ìṣọ̀kan Áfíríkà, OAU, lọ́dún 1998. Ààfin ààrẹ tí wọ́n ń pè ní Kosyam wà níbẹ̀. Ilé ìtura ńláńlá wà níbẹ̀, iléeṣẹ́ aṣojú ilẹ̀ òkèèrè náà wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí àlejò rí ni pé ìlú náà ti lajú, sìmẹ́ńtì, irin àti gíláàsì ni wọ́n sì gbà pé ó ń fi ìlàjú hàn.

Ìlàjú yẹn ti ń gba owó lọ́wọ́ ìjọba láti ìgbà náà. Ìdá tó pọ̀ nínú iná tí Burkina Faso ń lò, láti Ivory Coast àti Gánà ni wọ́n ti ń rà á, àsìkò tí ooru bá sì mú jù ni gbogbo ẹ̀rọ amúlétutù máa ń fẹ́ iná lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024, ooru ìlú Kayes ní Mali, orílẹ̀-èdè tó bá Burkina Faso pààlà, dé ìwọ̀n 48.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ilé ìwòsàn Gabriel Touré ní Bamako ní òun ka òkú 102 láàárín ọjọ́ 4 àkọ́kọ́ oṣù náà, ó sì lé ní ìdajì wọn tó ti kọjá ẹni 60 ọdún. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ inú ẹgbẹ́ World Weather Attribution ní irú ooru bẹ́ẹ̀ kò bá má wáyé ká ní ọwọ́ ọmọ ènìyàn ò ti mú kí ayé gbóná. Ní Ouagadougou, ọ̀sẹ̀ kan náà yẹn ni iná ń lọ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá wà lábẹ́ páànù tí kò ní àjà, nínú ògiri búlọ́ọ̀kù tín-ín-rín, kò ní ibi tó máa sá sí.

Nítorí náà, bí ìjọba kan bá ní òun fẹ́ gbé ikọ̀ kalẹ̀ láti rí sí ilé tó bá ojú ọjọ́ mu, tó sì lè fara da ooru àti omíyalé, ìròyìn tó dára ni. Irú ìjọba bẹ́ẹ̀ sì ti ń pọ̀. Lóṣù Kẹta ọdún 2024, nǹkan bí orílẹ̀-èdè 70 fọwọ́ sí ìkéde Chaillot nílùú Paris lórí ọ̀rọ̀ ilé àti ojú ọjọ́. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí ìkéde kì í dáhùn: kí ni iṣẹ́ olórí ikọ̀ náà gan-an, kí sì ni àṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Bó bá jẹ́ pé kó máa pe ìpàdé ni, kó máa sọ fún ènìyàn pé amọ̀ dára, Burkina Faso ò nílò rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ayé ti ń wá kọ́ ẹ̀kọ́.

Diébédo Francis Kéré, ọmọ olórí abúlé Gando, kọ́ iṣẹ́ káfíńtà kó tó lọ kàwé ní Jámánì. Nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Berlin ló kówó jọ láti kọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún abúlé rẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ lọ́dún 2001. Àwọn ará abúlé ló po amọ̀, wọ́n fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ sí i, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ di bíríkì. Òkè ni ọgbọ́n ibẹ̀ wà. Bíríkì náà ni wọ́n fi ṣe àjà, wọ́n fi ihò sílẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n wá fi irin gbé páànù sókè kúrò lórí àjà, débi tí afẹ́fẹ́ fi ń gba àárín méjèèjì kọjá. Oòrùn á pa páànù títí, ooru rẹ̀ ò ní sọ̀ kalẹ̀ bá ọmọ iléèwé; ooru inú yàrá á sì gba ihò àjà jáde. Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù kankan níbẹ̀. Iléèwé yẹn gba ẹ̀bùn Aga Khan lọ́dún 2004. Kéré fúnra rẹ̀ gba ẹ̀bùn Pritzker lọ́dún 2022, èyí tó ga jù fún àwọn ayàwòrán ilé, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Òun náà ni ìjọba Benin gbé àwòrán ilé aṣòfin tuntun fún ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, òun ló sì ya ilé ìrántí Thomas Sankara tí wọ́n ṣí ní Ouagadougou lọ́dún 2025.

Kì í ṣe Kéré nìkan. Láti ọdún 2000 ni ẹgbẹ́ La Voûte Nubienne, tí bíríkìlà ọmọ Faransé kan àti àgbẹ̀ ọmọ Burkina Faso kan jọ dá sílẹ̀ ní Boromo, ti ń kọ́ àwọn bíríkìlà abúlé bí wọ́n ṣe ń fi amọ̀ ṣe òrùlé tó tẹ̀ bí ẹ̀yìn ahun, tí kò nílò igi, tí kò nílò páànù. Láti ilẹ̀ Nubia, láàárín Íjíbítì àti Sudan, ni ọgbọ́n náà ti wá. Ní Ouagadougou fúnra rẹ̀, àwọn olùkọ́ iléèwé gíga 2iE ti ń dán oríṣiríṣi bíríkì amọ̀ wò nínú yàrá ìwádìí láti ọdún pípẹ́. Ìmọ̀ ò wọ́n níbẹ̀. Àṣẹ ló wọ́n.

Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá máa darí irú ikọ̀ yìí gbọ́dọ̀ mọ ohun tí orúkọ amọ̀ ń mú wá sọ́kàn ará Ouagadougou. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, òjò tó rọ̀ láàárín wákàtí mélòó kan tó mìlímítà 263. Nǹkan bí 150,000 ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Omi wọ ilé ìwòsàn Yalgado Ouédraogo, wọ́n sì ní láti kó àwọn aláìsàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Ilé tó wó jù ni ilé banco, ìyẹn ilé bíríkì amọ̀ tútù tí wọ́n kàn sá sí oòrùn, ní àwọn àdúgbò tí ìjọba ò tíì pín ní púlọ́ọ̀tì, tí kò ní gọ́tà. Ẹni tó dúró nínú omi tó ń wo ilé rẹ̀ tó ń yọ́ bí iyọ̀, kí ẹnikẹ́ni má lọ bá a pé amọ̀ ni ọjọ́ ọ̀la. Láti ọjọ́ náà, sìmẹ́ńtì ló ń tọ́jú owó fún, àpò kan lónìí, àpò kan lóṣù tó ń bọ̀. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ní ìdí.

Ọ̀rọ̀ náà ò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ní Ìbàdàn, ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní ìlú mìíràn, ilé alámọ̀ tí bàbá ńlá fi sílẹ̀ wà, ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ tó bá rí towó ṣe sì máa ń ṣe ni pé kó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, kí ará àdúgbò má baà sọ pé ilé tálákà ni. Ẹni tó bá ti sùn nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn mọ bó ṣe tutù tó. Ṣùgbọ́n ojú àlejò ò mọ ìtutù, ògiri ló ń rí. Àwọn oníṣòwò Yorùbá tó ti pẹ́ ní Ouagadougou náà, sìmẹ́ńtì ni púpọ̀ nínú wọn ń fi owó ọjà kọ́, bóyá lọ́hùn-ún, bóyá nílé.

Ohun tó wó lọ́dún 2009 kì í ṣe irú ohun tí wọ́n kọ́ ní Gando. Ilé amọ̀ tó bá fẹ́ pẹ́ nílò ìpìlẹ̀ tí omi ò lè gbà gòkè, etí òrùlé tó jáde dáadáa kí òjò má baà máa na ògiri, àti ilẹ̀ tí omi rí ọ̀nà ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Ó tún nílò ìtọ́jú lọ́dọọdún, ohun tí ètò ìṣúná ìjọba nílẹ̀ Áfíríkà kì í sábà rántí. Ilé sìmẹ́ńtì pàápàá, bí wọ́n bá kọ́ ọ sójú àgbàrá, àgbàrá á bá a wí. Ṣùgbọ́n àlàyé yìí, olórí ikọ̀ kan ò lè fi gbohùngbohùn ṣe é kí ará ìlú gbà á gbọ́. Kò sí bó ṣe máa sọ fún ìyá tí ilé rẹ̀ wó ní 2009 pé kó padà sínú amọ̀ nígbà tí mínísítà jókòó sínú gíláàsì. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ouaga 2000 ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, lórí ọ́fíìsì ìjọba fúnra rẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti le, nítorí pé kì í ṣe iṣẹ́ amọ̀ mọ́, iṣẹ́ ìwé ni. Ẹ wo ipò tí ẹnjiníà tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ wà. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó jogún òfin Faransé, bí ilé bá bàjẹ́ láàárín ọdún 10 lẹ́yìn tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé onílé lọ́wọ́, ọrùn àwọn tó yà á àti àwọn tó kọ́ ọ ló wà. Iléeṣẹ́ adójútòfò ò ní fẹ́ gbọ́ nípa ohun tí kò ní ìlànà. Ìwé tí wọ́n fi ń pe agbaṣẹ́ṣe ti to búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, bó ṣe tóbi, bó ṣe le, iye tó yẹ kó jẹ́. Bí kò bá sí bíríkì amọ̀ àti yangí nínú ìwé náà, ẹnjiníà tó bá dá a dábàá ti fi iṣẹ́ rẹ̀ wewu. Kì í ṣe pé ó kórìíra ojú ọjọ́. Ó ní ọmọ tó ń tọ́.

Ìlànà tó sì ń wá yìí, ó ti wà tipẹ́. Lọ́dún 1996, ọdún kan náà tí àwọn olórí ilẹ̀ Faransé àti Áfíríkà pàdé ní Ouagadougou, ni ARSO, àjọ tó ń gbé òṣùwọ̀n ọjà kalẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà, gbé ìlànà jáde lórí bíríkì amọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀: irú amọ̀ tó dára, bí wọ́n ṣe máa dán bíríkì wò, bí wọ́n ṣe máa tò ó. Ìwé yẹn ti wà nílẹ̀ nígbà tí Ouaga 2000 ń dìde. Kò sẹ́ni tí wọ́n fún láṣẹ láti gbé e dé orí tábìlì àwọn tó ń pín iṣẹ́.

Ó ṣe ni láàánú pé ìjọba Burkina Faso ti ní irú ikọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. LOCOMAT ni wọ́n pè é. Ní àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí àwọn ènìyàn máa fi ohun tó wà nílẹ̀ wọn kọ́lé, yangí tí wọ́n gé àti bíríkì amọ̀ tí wọ́n tẹ̀. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà ló mọ orúkọ náà. Àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ìjọba ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń gé yangí, ọwọ́ òsì ìjọba kan náà ń fọwọ́ sí ilé sìmẹ́ńtì àti gíláàsì ní Ouaga 2000. Ikọ̀ náà lè gbani nímọ̀ràn, kò lè sọ pé rárá. Pírójẹ́ẹ̀tì ni, pírójẹ́ẹ̀tì sì máa ń tán nígbà tí owó rẹ̀ bá tán.

Nàìjíríà náà ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ohun tó rí níbẹ̀ yẹ fún àgbéyẹ̀wò. Lọ́dún 2017, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iná, iṣẹ́ òde àti ilé gbígbé, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ láti Jámánì, gbé òfin ìkọ́lé kan jáde tó ń sọ bí fèrèsé ṣe gbọ́dọ̀ mọ, bí òrùlé ṣe gbọ́dọ̀ dí ooru, bí gílóòbù àti ẹ̀rọ amúlétutù ò ṣe gbọdọ̀ jẹ iná jù. Àwọn tó kọ ọ́ mọṣẹ́. Àmọ́ láti ọdún 2003 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti dá a láre fún ìpínlẹ̀ Èkó pé àwọn ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí ètò ìlú àti púláànù ilé. Ìjọba àpapọ̀ kọ ìwé, ìpínlẹ̀ ló ni òǹtẹ̀. Iléeṣẹ́ ìwádìí NBRRI ní Ọ̀tà ti ń ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ bíríkì yangí láti ọjọ́ yìí wá; ẹni tó bá gba Victoria Island kọjá lónìí á rí i pé gíláàsì ṣì ń borí.

Burkina Faso ò ní irú ìdíwọ́ yẹn. Ìjọba kan ló ni òfin, òun náà ló ni òǹtẹ̀. Àjọ UEMOA, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ouagadougou, sì ti gbé àṣẹ kan jáde lọ́dún 2020 pé kí àwọn orílẹ̀-èdè 8 tó wà nínú rẹ̀, tó fi mọ́ Benin àti Togo, gbé ìgbésẹ̀ láti dín iná tí ilé ń jẹ kù. Burkina Faso kúrò nínú ECOWAS lóṣù Kìíní ọdún 2025, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú UEMOA. Àṣẹ náà ṣì kàn án.

Ohun tó kù kéré, ó sì le. Kí ilé ìjọba kankan má lọ sọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe láìjẹ́ pé olórí ikọ̀ yìí lu púláànù rẹ̀ ní òǹtẹ̀. Bí fèrèsé gíláàsì bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn láìsí ohun tó ṣíji bò ó, kó dá púláànù padà. Bí páànù bá wà láìsí àjà, kó dá a padà. Bí wọ́n bá fẹ́ lo sìmẹ́ńtì níbi tí yangí ti lè ṣe é, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Kí ìwé iná ilé ìjọba kọ̀ọ̀kan sì máa jáde ní gbangba, kí ará ìlú mọ iye tí gíláàsì ń jẹ lóṣù. Irú òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀ ò yẹ kó wà lábẹ́ mínísítà ilé gbígbé nìkan, nítorí mínísítà kan ò lè sọ fún mínísítà ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kó lọ tún àwòrán rẹ̀ yà. Ọ́fíìsì olórí ìjọba ló yẹ kó wà, níbi tí ìpè fóònù kan ò ti lè sọ ọ́ di òfo.

Ìjọba á fẹ́ fi ẹni tí orúkọ rẹ̀ dún lókè òkun sípò náà. Ó lè má jẹ́ ẹni tó yẹ. Ayàwòrán tó ń gba ẹ̀bùn ní iṣẹ́ tirẹ̀; ipò yìí ń fẹ́ ẹni tó mọ ìwé owó, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi iye ọjà gun ara wọn, tó sì lè fara da kí àwọn ọ̀gá máa bínú sí i.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀, kò sì rọrùn tó bí àwọn olùfẹ́ amọ̀ ṣe ń sọ ọ́. Bíríkì títẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà dínwó ju búlọ́ọ̀kù lọ, pàápàá bí iye tí wọ́n ń rà bá kéré, tí ẹ̀rọ bá ti ọ̀nà jíjìn wá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìjọba ló lè sọ ọjà náà di ọjà. Òun nìkan ló lè ra mílíọ̀nù bíríkì lọ́dún kan. Ní ti sìmẹ́ńtì, lílọ̀ ni wọ́n ń lọ̀ ọ́ ní Burkina Faso. Klíńkà, òkúta tí wọ́n sun kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, ilẹ̀ òkèèrè ló ti ń wá, lára rẹ̀ láti Tabligbo ní Togo, tí tírélà ń gbé gba ọ̀nà tó súnmọ́ 1,000 kìlómítà. Sísun òkúta yẹn wà lára ohun tó mú kí sìmẹ́ńtì máa fa ìdá 7 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún èéfín carbon gbogbo ayé. Yangí wà nílẹ̀ ní Koudougou, níbi tí Kéré ti fi í kọ́ ògiri iléèwé gíràmà Schorge. Owó yangí máa ń dé ọwọ́ ẹni tó gé e.

Àwọn kan á sọ pé orílẹ̀-èdè tó ń jagun ò ráyè ọ̀rọ̀ fèrèsé. Lọ́dún 2023, àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Burkina Faso ti lé ní mílíọ̀nù 2, ẹgbẹẹgbẹ̀rún iléèwé ló sì ti pa. Ìyẹn gan-an ló sọ ọ̀rọ̀ náà di kíákíá. Àwọn ènìyàn yìí á nílò ilé, àwọn ọmọ yẹn á nílò yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ìjọba àti àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ ló sì máa kọ́ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ìwé ìgbaṣẹ́ṣe ò bá yí padà kó tó dìgbà náà, páànù láìsí àjà àti búlọ́ọ̀kù tín-ín-rín ni wọ́n máa tò láti Djibo dé Fada N'Gourma, ní ibi tó gbóná jù, fún àwọn tí kò lè ra fáànù.

Nígbà tí púláànù ilé ìjọba tó kàn ní Ouaga 2000 bá dé orí tábìlì, ó yẹ kí ẹnì kan wà tó máa béèrè ìhà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa gbà wọ ilé náà, tó sì máa dá a padà bí kò bá rí ìdáhùn.